Ẹṣin eventing àkọ́kọ́: èyí tó kúrò lẹ́nu eré ìje ni àbí ti Ireland?

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní UK tẹ́ ẹ ti ń gun ẹṣin ẹlẹ́ṣin tipẹ́, tẹ́ ẹ wá fẹ́ ra tiyín láti fi ṣe eventing, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kówó tó kúrò lápò. Iṣẹ́ mẹ́ta lẹṣin yìí máa ṣe: dressage, tó ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ níwájú adájọ́, cross-country, tó ti máa sáré ní pápá tó sì máa fo igi ńlá àti omi, àti show jumping, tó jẹ́ pé ọ̀pá kan tó bá já bọ́, péńáltì 4 nìyẹn.

Oríṣi méjì lẹ máa rí jù: Thoroughbred, ìyẹn ẹ̀yà ẹṣin tí wọ́n ń fi sáré ìje, tó ti fi eré ìje sílẹ̀, àti Irish Sport Horse, tó sábà máa ń jẹ́ àmúlùmálà Thoroughbred àti Irish Draught, ìyẹn ẹṣin oko ilẹ̀ Ireland.

Tó bá jẹ́ owó ìrà nìkan, Thoroughbred ló wọ́n kéré jù, torí àwọn ilé eré ìje máa ń fẹ́ kí èyí tí kò yára tó tètè kúrò nílẹ̀. Ó ti mọ èrò, ó ti mọ ọkọ̀, ariwo kì í bà á lẹ́rù. Àmọ́ ibi tí wàhálà wà nìyí: wọ́n máa ń ju jọ́kì sẹ́yìn ẹ̀ nígbà tó ṣì ń rìn lọ́wọ́ ni, torí náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ kí èèyàn gùn ún, tẹ́ ẹ bá sì fa ìjánu mọ́ ọn lẹ́nu, òun á rò pé ẹ ní kóun túbọ̀ sáré ni! Ẹ máa san owó olùkọ́ fún oṣù mélòó kan kó tó gbàgbé ìyẹn. Ti Ireland tó ti kọ́ṣẹ́, ó wọ́n, iṣẹ́ tẹ́lòmíì ti ṣe sílẹ̀ lẹ̀ ń sanwó ẹ̀.

Ní ti agbára, kò séyìí tí kò lè dé òkè. Charisma, tí ẹ̀jẹ̀ Thoroughbred pọ̀ lára ẹ̀ gan-an, ló gbé Mark Todd gba góòlù Olympics ní 1984 àti 1988. Ballaghmor Class tó wá láti Ireland gba Burghley, ìdíje eventing ńlá kan ní England, fún Oliver Townend ní 2017 àti 2023. Ṣùgbọ́n BE80 lẹ ń lọ, ìyẹn ọ̀kan lára ìpele ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìdíje British Eventing, igi cross-country tó ga jù níbẹ̀ ò ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ, ọkàn tó balẹ̀ lẹ nílò ju eré lọ.

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa jù lára ẹṣin eré ìje. Ẹ fọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, láti ìsàlẹ̀ orúnkún, iṣan ibẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kó tutù, kó tọ́, tó bá wú tàbí tó gbóná ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ, ẹ má rà á. Ẹ̀yìn dídùn àti ọgbẹ́ inú náà wọ́pọ̀ lára wọn. Ti Ireland, egungun ẹ̀ sábà máa ń ki, àmọ́ ó tètè máa ń sanra tí koríko bá ti hù, ìyẹn sì lè ba pátákò jẹ́.

Warmblood ilẹ̀ Jámánì, ìyẹn ẹ̀yà ẹṣin eré ìdárayá tiwọn, ńkọ́? Sam tí Michael Jung gùn gba Olympics ní 2012 àti 2016, dressage wọn sì dáa, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó, ẹ ní kí wọ́n má gùn ún títí ẹ fi máa dé, ẹ fọwọ́ kan ibi tí gàárì ń gbé bóyá ó ti làágùn. Kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ gùn ún kẹ́yin tó gùn ún, kẹ́ ẹ wá mú un jìnnà sáwọn ẹṣin yòókù, ẹ sáré, kẹ́ ẹ wá ní kó rọra, ẹṣin tó bá gbọ́ níbẹ̀ yẹn, òun ni kẹ́ ẹ máa bá lọ. Lẹ́yìn náà dókítà ẹran, èyí tẹ́yin fúnra yín mú wá o, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, kó ṣe àyẹ̀wò ìpele márààrún, kó sì gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pa mọ́, torí àwọn kan máa ń fún ẹṣin tó ń tiro lóògùn ìrora kó tó di pé ẹ dé.

Tẹ́ ẹ bá lólùkọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́ ẹ sì lè gùn ún lójoojúmọ́, ẹ ra Thoroughbred tó ti sinmi tó sì ti tún ẹ̀kọ́ kọ́. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ lẹ máa ráyè, ti Ireland tó ti ṣe BE90, ìpele tó tẹ̀ lé BE80, ni kẹ́ ẹ wá, kódà kó ti pé ọdún 12, ẹ má sá fún un.