Ilé ìwòran tí mo ti ń wo Man U l'Óṣogbo, àti àwọn tó ni Man U fúnra wọn

Alẹ́ ọjọ́ tí Grimsby gbé wa lulẹ̀ ni mo sọ pé màá kọ eléyìí. Ọjọ́rú ni, 27 oṣù kẹjọ 2025, òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, àwa bí ogójì la jókòó sórí bẹ́ǹṣì tá à ń wo ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kẹrin, tí wọ́n sì ti jẹ méjì lé wa lórí kí wọ́n tó lọ sinmi. Mbeumo dá ọ̀kan padà, Maguire fi orí kan èkejì wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, gbogbo ilé hó yèè, mo dì mọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ó bọ́ sí pẹnárítì. Wọ́n gbá a, wọ́n gbá a, ó di 12 sí 11, èyí tí Mbeumo gbá kẹ́yìn lọ kọ lu irin òkè. Amorim tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà yẹn jókòó sábẹ́ ibòji wọn, kò tiẹ̀ lè wo pẹnárítì yẹn. Èmi wò ó tán. Ojú mi ni wọ́n ṣe gbá gbogbo ẹ̀.

Nígbà tó parí kò sẹ́ni tó pariwo, kódà àwọn ará Arsenal tí wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dákẹ́. Alàájì tó ni ilé ìwòran wá dúró síwájú, ó ní, "Ẹ má bínú ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí òjò dá kẹ́ ẹ tó máa lọ, mi ò ní pa jẹnẹrétọ̀." Kò sì pa á lóòótọ́. Ó tó bíi wákàtí kan tí jẹnẹrétọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù kankan mọ́, à ń ṣájì fóònù, ìyàwó Alàájì ń po tíì gbígbóná fún ẹni tó bá fẹ́. Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè wo òrùlé, òjò yẹn ń rọ̀ gan-an ni o, omi kankan ò kán sílẹ̀.

Ilé ìwòran yìí ò jìnnà sí Òkè-Fìà tẹ́ ẹ bá ń ti ọ̀nà bíríìjì Ọláìyá bọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí Alàájì ò rán mi níṣẹ́, àwọn ará àdúgbò ti mọ ibi tí mò ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ńlá méjì níwájú, kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn tó fẹ́ wo máàṣì mìíràn. Bẹ́ǹṣì onígi ni, ẹ̀yìn á dùn yín díẹ̀ tó bá fi lè kọjá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Fáànù wà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Man U àti Arsenal ń gbá, ilé á kún débi pé fáànù ò ní ràn án. Ilé ìtọ̀ wọn ni mi ò fẹ́ràn rárá, ó ń rùn, mo ti sọ ọ́ lójú Alàájì, ó ní òun ń bọ̀ lórí ẹ̀, mo ṣì ń retí. ₦300 ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí bàbá yẹn ṣe ń ṣe nǹkan ẹ̀. Ìṣó kan yọ lára bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó fa ṣòkòtò mi ya, mo sọ fún un lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó fi máa di Sátidé tó tẹ̀lé e wọ́n ti lọ káàkiri gbogbo bẹ́ǹṣì, wọ́n ti kan gbogbo ìṣó wọlé. Nígbà tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ ní 2023, kò kàn lẹ owó tuntun mọ́ ara ìlẹ̀kùn. Ó dúró síwájú wa kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin náà ń ra epo, mo fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún kún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé, iye àtijọ́ ni kí wọ́n máa san." Kò sẹ́ni tó bá a jà.

Ti òrùlé yẹn ló wà lọ́kàn mi jù. Nínú òjò ọdún 2024, atẹ́gùn ká páànù igun ọ̀tún, omi wá ń dà lé àwọn tó jókòó síbẹ̀ lórí nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Alàájì dìde, ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka owó wọn padà sí wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n sún sí àárín kí wọ́n máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, kápíńtà ti wà lókè, Alàájì fúnra ẹ̀ ló di àkàbà mú nísàlẹ̀.

12 oṣù karùn-ún ọdún 2024 yẹn kan náà, lẹ́yìn tí Arsenal na Man U ní ọ̀kan sí òdo ní Old Trafford, gbogbo ayé rí bí omi ṣe ń ya bọ̀ láti orí òrùlé, àfi bí ẹni pé èèyàn dúró sídìí Olúmirìn l'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà. Pápá tó ń gba èèyàn bíi 74,000. Ó dùn mí ju góòlù yẹn lọ, torí ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù á jẹ góòlù lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n òrùlé kì í dédé jò, ẹnì kan ti ń wò ó látọjọ́ pípẹ́ tí kò ṣe é.

Àwọn Glazer, ìdílé olówó kan ní Amẹ́ríkà, ra Man U ní 2005. Kí wọ́n tó rà á, kilọ́ọ̀bù yẹn ò jẹ gbèsè. Owó tí wọ́n yá ló pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n fi rà á, wọ́n wá gbé gbèsè yẹn lé kilọ́ọ̀bù gan-an lórí, látìgbà yẹn ni owó èlé ti ń jáde lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì tún fi ń pín èrè láàárín ara wọn. Ká ní ẹnì kan wá lónìí, ó lọ yá owó ní báńkì, ó fi ra ilé ìwòran yìí lọ́wọ́ Alàájì, ó wá ní ọ̀ọ́dúnrún-ọ̀ọ́dúnrún tí à ń san lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n á máa fi san báńkì. Owó páànù ti lọ nìyẹn, owó ìṣó ti lọ, tẹlifíṣọ̀n tó bá bàjẹ́ á wà bẹ́ẹ̀, àwa á sì máa bá ọmọ tó ń gbé rìmóòtù dání jà pé kò mọ iṣẹ́.

Ferguson tó jẹ́ kóòṣì wa nígbà yẹn ni ò jẹ́ ká tètè rí i. Ó ń gba líìgì, àwa náà ń jó. Àwọn ará Manchester rí i jù wá lọ, 2010 ni wọ́n ti ń fi ìborùn aláwọ̀ ewé àti wúrà sọ́rùn láti sọ pé àwọn ò fẹ́ àwọn onílé yìí, èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà yẹn, mo rò pé jẹ́sì tuntun ni. Nígbà tí Ferguson gba líìgì tó pé ogún fún kilọ́ọ̀bù ní 2013 tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ihò tó ń fi ara ẹ̀ dí ló yọ síta. Moyes dé, mo ní kó máa lọ. Van Gaal, mo ní kó máa lọ. Mourinho, Solskjaer, Ten Hag, mo ń pariwo pé kí wọ́n lé wọn. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ Arsenal paraku, mẹkáníìkì ni, òun ló pa mí lẹ́nu mọ́, ó ní, "Àbúrò, mọ́tò tí dẹ́rẹ́bà mẹ́fà ti wà, tí gbogbo wọn ń sọ pé ó ń fà sápá kan, ṣé dẹ́rẹ́bà keje lẹ tún fẹ́ wá lọ ni?" Ó rán mi létí pé ipò kẹjọ ni Arteta, kóòṣì Arsenal, ṣe lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra tí wọn ò lé e, pé àwọn tó wà lókè mọ ohun tí àwọn ń kọ́. Mi ò rí èsì fún un, mi ò sì tíì rí i títí dòní.

Nígbà tí Ratcliffe, olówó Gẹ̀ẹ́sì kan, ra ìpín tiẹ̀ nínú Man U ní oṣù kejì 2024, inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Ọmọ agbègbè ibẹ̀ ni, Man U ló ń ṣe láti kékeré, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, mo ní ilé ti rí onílé. Oṣù keje ọdún yẹn wọ́n fún Ten Hag ní kọ́ńtíráàtì tuntun, 28 oṣù kẹwàá wọ́n lé e, owó tí wọ́n fi yanjú òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn lọ. Dan Ashworth, olùdarí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi oṣù gbọọrọ bá Newcastle fà á, oṣù keje ló wọlé, oṣù kejìlá ó ti jáde. Wọ́n wá ní kò sówó. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ bíi 250 dúró, nígbà tó di 2025 wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí 200 míì tún lọ, wọ́n ti ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní Old Trafford pa, wọ́n ní èso ni wọ́n á máa fún wọn. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń dáhùn fóònù, oúnjẹ ọ̀sán tiẹ̀ lẹ rí gé kúrò, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi mílíọ̀nù mẹ́wàá yanjú ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní kọ́ńtíráàtì! Ọmọ mẹ́ta ló ń bá Alàájì to bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń gbé epo, ojoojúmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, ìyàwó ẹ̀ á ti bu ìrẹsì kalẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wa, bí epo ṣe wọ́n tó yẹn náà.

Nínú sáà yẹn kan náà ni wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó kù di £66, iye kan náà fún àgbà àti ọmọdé, arúgbó tó ti ń wá síbẹ̀ láti kékeré náà, £66. Ṣé ẹ rántí àwọn ọmọ iléèwé tí Alàájì ní kí wọ́n máa san iye àtijọ́?

Ti àwọn tí wọ́n ń rà àti àwọn tí wọ́n ń tà, mi ò fẹ́ sọ ọ́ gùn. Owó tó ju mílíọ̀nù ọgọ́rin pọ́n-ùn ni wọ́n kó lé Antony lórí ní 2022, ìgbà tí wọ́n yá a fún Betis ní Sípéènì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín. McTominay tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé wa, wọ́n tà á fún Napoli ní 2024, ọdún kan péré, ó bá wọn gba líìgì Ítálì, wọ́n sì mú un gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù lọ níbẹ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

21 oṣù karùn-ún 2008 ni bàbá mi kọ́kọ́ mú mi lọ wo Man U níta, òun ló gbé mi sórí itan torí kò sáyè lórí bẹ́ǹṣì, àwa àti Chelsea ni ní àṣekágbá Champions League ní Mọ́sko, a gbà á ní pẹnárítì, bàbá mi gbé mi sọ́rùn délé. 21 oṣù karùn-ún 2025, ọjọ́ kan náà gan-an, a wà ní Bilbao pẹ̀lú Tottenham ní àṣekágbá Europa League. Tá a bá gbà á, a wọ Champions League. Tí a ò bá gbà á, kò sí Yúróòpù rárá lọ́dún tó ń bọ̀. Brennan Johnson ti Tottenham rọ́ ọ wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi, ó tán síbẹ̀. Nínú líìgì, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún la ti parí ẹ̀ sí ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, pọ́ìntì 42, wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀méjìdínlógún. Bàbá mi ti jáwọ́ nínú wíwò níta láti bí ọdún mẹ́ta, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Bilbao yẹn bí mo ṣe ń jáde. "Ṣé wọ́n gbà á?" Mo ní, "Rárá, Bàbá mi." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Má pẹ́ níta."

Tí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, ilé ìwòran gba mẹ́rin nínú márùn-ún, ilé ìtọ̀ ló gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó ń darí Man U, ẹyọ kan ni mo fún wọn, torí pé wọ́n ra Cunha àti Mbeumo àti Sesko nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní 2025, wọ́n náwó síbi tó yẹ kí wọ́n náwó sí. Wọ́n tún ti kéde ní oṣù kẹta 2025 pé àwọn fẹ́ kọ́ pápá tuntun tó máa gba 100,000 èèyàn, bílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Mo rí àwòrán ẹ̀, ó rẹwà. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó máa jẹ gbèsè yẹn ni, torí mo ti mọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe lọ.

Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ Grimsby yẹn, Burnley ló kàn ní Old Trafford, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ǹṣì iwájú ní láti ti dé kí aago méjì tó lù. Mo bẹ Alàájì kó fi àyè méjì sílẹ̀ lápá ọ̀tún lábẹ́ páànù tuntun yẹn, torí bàbá mi ní òun máa bá mi lọ.