Cassutt IIIM: lẹ́yìn ọdún 4 tí mo fi kàn án àti wákàtí 60 tí mo fi wà á

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ bàálù wíwà níbí ní Texas máa ń bi mí nípa bàálù pupa kékeré tó wà nínú họ́ńgà mi. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá irú rẹ̀ rà?" Èsì mi gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Cassutt IIIM ni orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan péré ló ń gbà. Láti etí apá kan dé ìkejì kò tó ẹsẹ̀ bàtà 15, láti imú dé ìrù sì jẹ́ nǹkan bí 16. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ́ńjìnnì Continental O-200 tó wà nínú Cessna 150, èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́, òun náà ló wà nínú rẹ̀, agbára ẹṣin 100 kan náà. Cessna 150 ń fi í rìn ní nǹkan bí máìlì 120 ní wákàtí kan. Tèmi ń rìn ní 190. Ibi tí ìyàtọ̀ yẹn ti wá ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun kan náà ni ẹ máa bá pàdé lọ́jọ́ tí ẹ bá ń balẹ̀.

Òfin eré ìje ló bí bàálù yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn bàálù ogun tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi ló gba pápá eré ìje ní Amẹ́ríkà, apá ẹni tó ń kan tirẹ̀ nílé kò sì ká wọn. Ní 1947, ní Cleveland, ilé iṣẹ́ Goodyear fi ẹ̀bùn owó sílẹ̀ fún àwọn bàálù kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì wọn kéré. Bill Brennand ló gba ipò kìíní lọ́dún náà nínú Buster, bàálù Steve Wittman. Ìdíje yẹn ló wá di ohun tí à ń pè ní Formula One ti bàálù lónìí (kì í ṣe ti ọkọ̀ ilẹ̀), òfin rẹ̀ kò sì le: ojú apá lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà onígun-mẹ́rin 66, bàálù kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju pọ́n-ùn 500 lọ kí èèyàn àti epo tó wọ inú rẹ̀, táyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ká wọnú, propeller rẹ̀ (abẹ̀bẹ̀ iwájú) kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí awakọ̀ lè yí bó ṣe gé afẹ́fẹ́ padà lókè.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé apá tó ju bó ṣe yẹ lọ sáré, nítorí náà ìtòsí 66 ni ọ̀pọ̀ wọn dúró sí. Ojú apá Cessna 150 ju ẹsẹ̀ bàtà onígun-mẹ́rin 150 lọ; ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ eré wọn ti wá.

Tom Cassutt jẹ́ awakọ̀ bàálù èrò fún TWA, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1951 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya tirẹ̀, ó gbéra ní 1954, Jersey Skeeter ló sọ ọ́, ó sì fi gba ipò kìíní nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà ní 1958. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ọkùnrin yìí ni pé kò kó àwòrán rẹ̀ pamọ́. Ó tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lè jó irin, tó sì lè gé pákó.

Lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tí agbára rẹ̀ ti ń dín kù ni mo ti ra tèmi. Ó ti jó páìpù irin ara rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan apá. Apá yìí ló gba ọdún méjì nínú mẹ́rin tí mo lò. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, láti òsì dé ọ̀tún, kò ṣeé yọ sí méjì. Igi spruce tí a lẹ̀ mọ́ra wọn ni ọ̀pá tó gùn já a, òun ló ń gbé gbogbo ẹrù. Pílàìwúùdù ni a fi bò ó, a wá fi aṣọ bo ìyẹn. Kí n tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn, mo máa ń kọ́kọ́ lẹ ègé igi méjì pọ̀, tó bá gbẹ, màá fi òòlù fọ́ ọ. Igi ló gbọ́dọ̀ ya, kì í ṣe ojú gọ́ọ̀mù. Ìgbà méjì ni ojú gọ́ọ̀mù là, mo sì da gbogbo ohun tó wà nínú agolo náà nù láìbojú wẹ̀yìn. Orí ọ̀pá yẹn ni mo máa jókòó lé lókè; owó gọ́ọ̀mù kò tó nǹkan.

Àwòrán náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìwọ̀n hàn yín, ó gbà pé ẹ ti mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì kan nǹkan kan rí kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n fún bí oṣù mẹ́fà.

Ẹ́ńjìnnì ni ó dùn mí jù. Àlòkù ni mo rà, ẹni tó tà á búra pé kò lálèébù. Nígbà tí mo tú u, sílíńdà méjì ti sán. Mo san owó kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má kówó sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí inú rẹ̀.

Ìjókòó rẹ̀ há. Mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, páráṣúùtì ni mo fẹ̀yìn tì, táńkì epo wà lókè itan mi. Ní oṣù kẹjọ, ooru Texas máa ń dà bí ẹni wà nínú ààrò kí n tó gbéra. Ẹni tó bá sanra kò lè wọ̀ ọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti fífò wàyí. Kò sí ìjókòó fún olùkọ́. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni. Torí ìyẹn, mo fi wákàtí 30 wa Citabria, bàálù oníjókòó méjì tí táyà kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù bíi ti Cassutt, láti ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí èèyàn kò ti rí iwájú dáadáa, kí ojú àti ẹsẹ̀ mi lè mọ́ ọn lára. N kò kábàámọ̀ ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Lókè, Cassutt fúyẹ́ lọ́wọ́ débi pé èrò ọkàn yín ló ń gbọ́. Ìka méjì ti tó. Ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ nínú bàálù mìíràn. Bíbalẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Máìlì 100 ni mo fi ń bọ̀, ohun tí Cessna fi ń bọ̀ kò tó 70. Bí ẹ bá pa iná, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì, tí ẹ sì fa imú rẹ̀ sókè lójijì, kò ní léfòó, yóò jábọ́. Apá 66 yẹn kò ní afẹ́fẹ́ tó máa gbé e dúró. Mo máa ń fi iná díẹ̀ sílẹ̀ títí táyà fi fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í sì sinmi títí tó fi dúró pátápátá. Wákàtí 40 tí ìjọba ní kí n kọ́kọ́ fi dán an wò nítòsí ilé, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mi ò tíì fi tèmi díje, ṣùgbọ́n mo lọ wo eré ìje bàálù ní Reno, ìlú kan ní Nevada, ní 2023, ọdún tí wọ́n sáré gbẹ̀yìn níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ní 2025, Roswell ní New Mexico ni wọ́n kó eré ìje náà lọ. Ní Reno tí mo lọ, bàálù mẹ́jọ jọ dúró sórí títì, àsíá wálẹ̀, wọ́n sì jọ gbéra. Ìyípo mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní máìlì 3, láàárín àwọn òpó. O-200 tí ìwé Cessna ní kó má yí ju ìgbà 2,750 lọ ní ìṣẹ́jú kan, àwọn yẹn ń yí i kọjá 4,000. Ariwo rẹ̀ dà bí agbọ́n ńlá.

Bí ẹ bá fẹ́ borí, Cassutt kọ́ ni kí ẹ rà, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Jon Sharp, tó jẹ́ ẹnjiníà ní Lockheed, gbé Nemesis jáde ní 1991, ó sì gba Reno lọ́dọọdún títí di 1999: ìdíje 45 nínú 48. Ẹ́ńjìnnì kan náà, òfin kan náà; dídán ara rẹ̀ àti bó ṣe ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣàn láìdàrú ló fi lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn. Mo lọ wò ó ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ Smithsonian, mo dúró níwájú rẹ̀ fún bí wákàtí kan. Ẹwà ni. Àmọ́ ibẹ̀ náà ló wà, ẹyọ kan péré. Èyí tí Cassutt yà ṣì ń jáde láti inú gáréèjì àwọn èèyàn. Ní 2022, wọ́n fi mọ́tò oníbátìrì gbé ọ̀kan fò ní Britain.

Ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Dallas kó ra nǹkan mìíràn. Ẹni tí kò tíì mọ bàálù tí táyà kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù, kó dúró ná. Èmi, tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, apá náà ni màá kọ́kọ́ kàn, kí n tó náwó sórí ẹ́ńjìnnì. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹni tó bá wà nítòsí Houston lè wá jókòó sínú rẹ̀ wò bóyá orí rẹ̀ máa kan gíláàsì.