Túùbù kan ṣoṣo ló tún ohùn áńpù gìtá mi ṣe

Ẹ má tíì ra gbogbo túùbù áńpù yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó ní áńpù onítúùbù, ẹ̀rọ tó ń fi túùbù onígíláàsì sọ ohùn gìtá di ńlá, pàápàá àwa tí a ń ta gìtá nílẹ̀ Òkun níbí ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà títí dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí ẹ ti lè wá ilé ìtajà tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tì.

Tokunbọ̀ Amẹ́ríkà ni áńpù mi. Wáàtì 15 ni, pẹ̀lú sípíkà ínṣì 12 kan. Túùbù kékeré mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, 12AX7 ni wọ́n, àwọn ará Yúróòpù ń pè é ní ECC83. EL84 méjì ló wá ń ti sípíkà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá jù: orin ìyìn, háíláìfù, àti orin ìbílẹ̀ wa nígbà tí kúáyà bá gbóná. Ohùn tó mọ́ gaara ni mo ń wá, kí okùn kọ̀ọ̀kan máa dún lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yí fólúùmù kọjá 4, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, tí ìlù bá sì wọlé, mi ò gbọ́ ara mi mọ́ bí mi ò bá yí i sókè. Ẹni tó ń ta rọ́ọ̀kì lè fẹ́ràn híha yẹn. Kò wúlò fún mi.

Mo kọ́kọ́ pààrọ̀ EL84 méjèèjì, torí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti gbó, ojú wọn ti dúdú nínú gíláàsì. Mo ra JJ, tí wọ́n ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Slovakia, méjì tí wọ́n ti wọ̀n tí wọ́n sì bára mu. Ohùn ìsàlẹ̀ padà wá, ó le, ó sì dúró. Inú mi dùn sí wọn. Àmọ́ híha yẹn kò lọ. Mo ta orin kan náà ṣáájú àti lẹ́yìn, mo gbà á sórí fóònù, mo sì ní kí ẹni tó ń ta béèsì wa gbọ́ láìsọ èyí tó jẹ́ tuntun fún un. Ó ní híha náà kò yàtọ̀.

Túùbù kékeré tó wà ní ipò kìíní, níbi tí wáyà gìtá ti kọ́kọ́ wọlé, ló yí nǹkan padà. Nínú túùbù, wáyà kan máa ń gbóná, á mú irin tó yí i ká gbóná, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì máa tú jáde lára irin náà. Iná kékeré tó ti gìtá wá ló ń pinnu iye tó máa kọjá, bí ohùn ṣe ń di ńlá nìyẹn. 12AX7 lè sọ ọ́ di ńlá tó ìlọ́po 100. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5751 ń ṣe 70, 12AT7 ń ṣe 60, 12AU7 kò sì ju bí 20 lọ. Ihò kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n ní. Mo fi 5751 sí ipò kìíní, ó tán. Fólúùmù dé 6 kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha, okùn òkè kò gún mi létí mọ́, gbohùngbohùn tí rìfáàbù ń fi kún ohùn sì mọ́. Ẹni tó ń ta béèsì yìí kan náà ló bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo dán 12AU7 wò níbẹ̀ pẹ̀lú, ohùn náà sì di òkú pátápátá. Ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú.

Ẹ dán túùbù wò kí ẹ tó gbà á. Ọ̀kan tí mo rà lọ́jà, tí mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, ń dún bí agogo nígbàkigbà tí mo bá fi pẹ́ńsù kàn án. Irú rẹ̀ á máa ké lórí pẹpẹ, kò sí àtúnṣe fún un.

Ní ti fífi wọ́n sí i, kò le. Ẹ pa áńpù, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ẹ fi aṣọ di gíláàsì mú, kí ẹ sì máa mì ín díẹ̀díẹ̀ títí á fi jáde. Àlàfo kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fi ibi tó yẹ kó kọjú sí hàn. Ẹ má tú páálí irin ìsàlẹ̀ o! Iná tó lé ní fóòtì 300 wà níbẹ̀, àwọn kápásítọ̀ sì lè gbé e pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Bí tiyín bá ní ibi tí wọ́n ti ń yí báyàsì, ìyẹn iye iná tó ń kọjá nínú túùbù nígbà tí ẹ kò ta gìtá, ẹni tó mọ mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lò ni kó bá yín pààrọ̀ EL84.

Bàbá kan wà ní Kàbà tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí fáàfù, orúkọ mìíràn fún túùbù, ṣì wà nínú rédíò. Mo kí wọn pé, “Òkun o, bàbá.” Wọ́n wo áńpù náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Òkun, ọmọ mi. Fi mítà wọn iná ilé rẹ ná kí o tó náwó.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò tan iná: fóòtì 170, dípò 230. Iná tó ń mú túùbù gbóná yẹ kó jẹ́ fóòtì 6.3, ní 170 kò ní ju 4.7 lọ. Túùbù tó ń jẹ irú iná bẹ́ẹ̀ á rọ, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù láyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra sítébíláísà, mo sì gbé e ṣáájú taransífọ́ọ̀mù tó ń sọ iná wa di 120 fún áńpù.

Owó 5751 kan kò ju ti sítìríńgì gìtá mẹ́ta lọ nígbà tí mo rà á. EL84 méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Tí EL84 yín kò bá tíì gbó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan 12AX7 méjì tó kù, mi ò sì ní in lọ́kàn. Mo fi ìwé wé EL84 àtijọ́ sínú àpò gìtá fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú láàárín àìsùn.