Bẹ́árìn Olójú Dídán àti Bẹ́árìn Olójú Kòtò: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra bẹ́árìn tí ṣáfútì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, yóò máa yí nínú rẹ̀ lórí epo, oríṣi méjì ni yóò bá pàdé. Ọ̀kan ń dán gbinrin. Èkejì, wọ́n ti fi lésà dá kòtò wínníwínní sí i lójú. Ẹ fi èékánná fà á, ẹ lè má mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀: fífẹ̀ kòtò kan lè má ju bí abala ìwé kan ṣe nípọn lọ, jíjìn rẹ̀ sì lè má ju máíkírómítà 10 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan).

Ẹ̀rọ tó ń tan, tó ń kú

Olójú kòtò ló borí níbí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, ṣáfútì kò tíì sáré tó láti fa epo wọ abẹ́ ara rẹ̀, irin ń ha irin. Epo tó kù nínú kòtò ló ń gbà á sílẹ̀. Ìdọ̀tí tí ì bá máa ha irin náà sì lè jìn sí kòtò.

Ẹ̀rọ tó ń sáré láìdúró

Bí epo bá ki dáadáa, tí eré kò sì yí padà, olójú dídán tó. Ẹ má náwó lésà.

Ibi tí ìṣirò ti ń tan oníbàárà jẹ

Láti mọ bí epo ṣe ń gbé ṣáfútì, ìṣirò tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Osborne Reynolds gbé jáde ní 1886 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Ó ka inertia sí òfo, ìyẹn agbára tí ohun tó ń sáré fi ń bá eré rẹ̀ lọ tí kì í fẹ́ yà. Fún olójú dídán, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ wo epo tí ìki rẹ̀ jẹ́ 0.03 Pa·s, nínú àlàfo máíkírómítà 20, tí ṣáfútì ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú bẹ́árìn tó gùn ní mìlímítà 50, bí a bá fi agbára inertia wé agbára kíki epo, kò ju nǹkan bíi 0.002 lọ. Ṣùgbọ́n nínú kòtò tó gùn ní mìlímítà 0.2, epo yẹn náà, eré yẹn náà, ó di nǹkan bíi 0.6! Epo ń já wọ inú kòtò, ó ń forí sọ ògiri rẹ̀; bí kòtò bá sì jìn jù, ńṣe ni yóò máa pòyì síbẹ̀ láìgbé ṣáfútì sókè. Bó bá jẹ́ omi ló wà níbẹ̀ dípò epo, iye yẹn á lé ní ìlọ́po 30.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan bẹ́árìn oníbọ́ọ̀lù o. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń tẹ irin kéré púpọ̀, kòtò níbẹ̀ lè ba epo tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e dúró jẹ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè ibi tí kòtò wà. Lára bẹ́árìn pẹlẹbẹ, kòtò tó wà ní apá ibi tí epo ti ń wọlé nìkan sábà máa ń gbé ẹrù ju èyí tí wọ́n dá káàkiri ojú rẹ̀ lọ. Lára èyí tó rí roboto, tó yí ṣáfútì ká, kòtò níbi tí ẹrù ti wúwo jù lè jẹ́ kí epo má lágbára tó láti gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ eré ẹ̀rọ yín àti irú epo yín fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ bi í bóyá wọ́n ka inertia mọ́ ìṣirò wọn. Bí kò bá rí èsì fọ̀, olójú dídán ni kí ẹ gbé.