Google Sheets fún àwa tá à ń ṣètò aago ayẹyẹ

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún Google Sheets, ìyẹn ìwé ìṣirò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Google o, ọ̀fẹ́ ni, tí ẹ bá sì fi link ránṣẹ́, MC àti DJ á jọ máa wò ó. Ibi tó ti ń dààmú èèyàn ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú kún aago. Ká ní 9:00 wà ní A2, ìyẹn àpótí kejì lábẹ́ lẹ́tà A, tẹ́ ẹ bá kàn kọ =A2+30, aago ò ní yẹsẹ̀ rárá, torí odidi ọjọ́ kan ni 1 lójú ẹ̀, ọjọ́ 30 lẹ fi kún un yẹn! =A2+TIME(0,30,0) lẹ máa kọ, á gbé 9:30 jáde wéré, ẹ wá fà á wálẹ̀ fún àwọn tó kù. Èmi o, =A2+30/1440 ni mo fẹ́ràn jù, ìṣẹ́jú 1440 ló ṣáà wà nínú ọjọ́ kan, TIME yẹn tó bá ti pé wákàtí 24 ńṣe ló máa padà sí òdo. Tó bá jẹ́ àròpọ̀ wákàtí òṣìṣẹ́ lẹ ń ṣe, ẹ wọ Format, ẹ yan Duration lábẹ́ Number, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wákàtí 26 lè di 2:00, owó ẹni ẹlẹ́ni á sì dínkù. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ ìyẹn síta gbangba jàre. Lórí fóònù, títẹ fọ́múlà máa ń sú mi, kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ lò.