Àpótí àgbàdo tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jíìnì tó so pọ̀

Lẹ́sìnnì ni mo máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn ọmọ tó ń múra A-level níbí ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Baòlọ́jì ni tèmi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹ bá fún wọn ní jíìnì méjì tí ọ̀kan ò bá èkejì tan, kíá ni wọ́n á ti ya àpótí Punnett (tábìlì tí a fi ń to irú ọmọ tí òbí méjì lè bí), wọ́n á kọ 9:3:3:1, ìpín irú ọmọ mẹ́rin tó máa jáde, wọ́n á gbé bírò sílẹ̀. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n sọ bí ọmọ yóò ṣe rí nígbà tí jíìnì méjèèjì bá so pọ̀, ìyẹn tí wọ́n súnmọ́ra lórí kurómósómù kan náà (okùn tó gbé jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì), gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra àpótí àgbàdo yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níwájú. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Odidi àgbàdo gbígbẹ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé wọn. Píìnì olórí aláwọ̀ mẹ́rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ìwé ìlò pẹlẹbẹ kan. Méjì nínú àgbàdo náà jẹ́ ti jíìnì tí kò so pọ̀, méjì jẹ́ testcross ti jíìnì tó so pọ̀ (níbi tí òbí tó ní irú méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan ti pàdé òbí tó ní kìkì irú tó máa ń fara pamọ́), méjì tó kù jẹ́ F2, ìyẹn ìran kejì, àwọn ọmọ-ọmọ.

Ohun tó mú kí àgbàdo dára fún iṣẹ́ yìí ni pé hóró kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ni. Irun tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́nu àgbàdo tútù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀, àtíkè òdòdó tó bá sì bà lé irun yẹn wà lára ohun tó máa sọ bí hóró yẹn yóò ṣe rí. Ìyá kan ṣoṣo, irínwó ọmọ, gbogbo wọn tò sójú kan. Eṣinṣin èso tí Morgan, onímọ̀ nípa jíìnì, fi ṣe tirẹ̀ ní New York dára lóòótọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ tọ́jú eṣinṣin nínú yàrá ìgbàlejò?

Jíìnì méjì lọ̀rọ̀ dá lé. C ń fún hóró ní àwọ̀ àlùkò, bó bá jẹ́ c méjì ló ní, yẹ́lò ni. Sh ń jẹ́ kí hóró kún, sh méjì á mú kó hunjọ bí ẹni tí ebi ti pa. Kurómósómù kẹsàn-án làwọn méjèèjì wà, wọ́n sì súnmọ́ra. Kurómósómù yìí kan náà ni Harriet Creighton àti Barbara McClintock, àwọn onímọ̀ nípa jíìnì àgbàdo, fi ṣiṣẹ́ lọ́dún 1931, nígbà tí wọ́n fi hàn pé bí jíìnì bá ṣe pàṣípààrọ̀, kurómósómù fúnra rẹ̀ ló já tó sì pààrọ̀ ara.

Testcross ni ẹ gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé ètò ìwé ìlò, F2 ló kọ́kọ́ gbé síwájú. Nínú testcross, ohun tí òbí alábùdá méjì (tó ní C àti c, Sh àti sh) bá fi sílẹ̀ náà lẹ máa rí lára hóró. Lórí àkọ́kọ́ tí a kà, hóró 402 ló wà níbẹ̀, 11 péré ni kò jọ òbí kankan, ìyẹn àwọn tí pàṣípààrọ̀ bí. Èkejì ní 388, 19 ni tirẹ̀. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé dúró lẹ́yìn wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ìkan rèé níbí. Ó pọ́n, ó tún hunjọ, kò jọ ará ilé ẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ la ti fi píìnì ka ọ̀wọ́ yẹn kọjá láìrí i. Ẹni tó ti ń ṣa ẹ̀wà láti kékeré, ojú rẹ̀ yá ju tiwa lọ.

Ẹ wò ó báyìí: 11 nínú 402 kò pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, 19 nínú 388 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún. Àwọn ọmọ ní àgbàdo kan ń purọ́. Kò sí èyí tó ń purọ́, hóró ni kò pọ̀ tó. Nígbà tí a da méjèèjì pọ̀, ó di 30 nínú 790, ìyẹn 3.8. Mo wá gbé iye tí Hutchison, onímọ̀ nípa jíìnì àgbàdo, kà ní Amẹ́ríkà ní ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn síwájú wọn: 4032 àlùkò tó kún, 4035 yẹ́lò tó hunjọ, 149 àlùkò tó hunjọ, 152 yẹ́lò tó kún. Nínú 8368, 301 ló yàtọ̀, 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ibẹ̀ ni sísọ tẹ́lẹ̀ ti wá rọrùn. Ẹ pín 3.6 sí méjì fún irú ọmọ méjèèjì tó yàtọ̀, ẹ pín 96.4 tó kù sí méjì fún àwọn tó jọ òbí. Lórí àgbàdo oníhóró 500, ẹ máa retí 241, 241, 9 àti 9. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kan 9 yẹn kò ní kọ 1:1:1:1, ìpín testcross ti jíìnì tí kò so pọ̀, mọ́ láé.

Ẹjọ́ mi rèé. Àgbàdo F2 méjèèjì, àkọlé kan náà ló wà lára ọ̀rá wọn: “F2, linked”, ìyẹn F2 tó so pọ̀. Lórí ọ̀kan, yẹ́lò tó hunjọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Lórí èkejì, kò sí ẹyọ kan. Ọmọ kan ní jíìnì náà ló ń pa hóró, òmíràn ní wọ́n ti ṣa wọ́n kúrò kí wọ́n tó tà á fún mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, lára àgbàdo àkọ́kọ́, C àti Sh jọ wá láti ọ̀dọ̀ òbí àgbà kan ni, c àti sh jọ wá láti ọ̀dọ̀ èkejì. Nítorí náà, 48.2 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì ìbímọ ló gbé c àti sh pọ̀. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá pàdé, ó jẹ́ nǹkan bíi 116 nínú hóró 500. Bó bá jẹ́ 9:3:3:1 ni, 31 péré ni à bá rí. Lára èkejì, C wá pẹ̀lú sh, c wá pẹ̀lú Sh. Kí c àti sh tó lè wà pọ̀, àfi kí pàṣípààrọ̀ wáyé, 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ baba. Ìyẹn jẹ́ ẹyọ kan nínú hóró tó lé ní 3000. Ẹ óò ka odidi àgbàdo bíi mẹ́fà kẹ́ ẹ tó rí ọ̀kan. Lójú mi, ẹ̀kọ́ yìí ló dára jù nínú àpótí náà, kò sì sí gbólóhùn kan nípa rẹ̀ nínú ìwé ìlò. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Ìwé ìlò kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ padà.

Àwọn nǹkan kéékèèké: píìnì pupa àti ti osàn jọra jù lábẹ́ iná alẹ́. Ọ̀rá náà lágbára, ẹ má tú u, nítorí hóró tó bá ti gbẹ báyẹn á máa já bọ́. Wọ́n tún fún wa ní nọ́ńbà ìwọlé sí ìkànnì tó ń bá èèyàn ṣírò. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ìdáhùn ló ń gbé sílẹ̀ kí ọmọ tó ronú.

Owó rẹ̀ ò kéré fún òbí kan ṣoṣo, ẹ dá a jọ. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà kẹ́ ẹ mú wọn lẹ́yọ-lẹ́yọ, testcross mẹ́rin àti F2 méjì ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè òbí àgbà F2 kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fi máàkà kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ìdí ọ̀rá, níbi tí ọmọ ò ti ní tètè rí i.