Dífù Ẹ̀yìn fún Mọ́tò Amẹ́ríkà Àtijọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Tẹ́ ẹ bá ń wá dífù ẹ̀yìn fún Mustang, Chevelle tàbí Charger àwọn ọdún 1960, ẹ má fi orúkọ tí ẹni tó ń tà á pè é sanwó. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù, gbogbo dífù Ford ni "9 íǹṣì", gbogbo ti Chevrolet ni "12-bolt", torí orúkọ méjèèjì yìí ló ń mówó wọlé. Irin náà fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé dífù tó lágbára jù kọ́ ló dáa jù fún gbogbo mọ́tò. Èyí tí ìbú rẹ̀ bá ọkọ̀ yín mu, tí inú rẹ̀ ṣì pé, tí gíá rẹ̀ sì bá ìrìn yín mu, òun ni kẹ́ ẹ rà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó kó gbogbo owó lé dífù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò lè fọ́ láéláé, tí kò wá sí owó bíréèkì mọ́.

Ford: 8 íǹṣì àti 9 íǹṣì

Íǹṣì tí wọ́n fi ń pe dífù ni ìbú kíráùn, ìyẹn gíá ńlá roboto tó wà nínú rẹ̀. Ford bẹ̀rẹ̀ sí í lo 9 íǹṣì lọ́dún 1957, ó sì wà lára ọkọ̀ akẹ́rù wọn títí di 1986. Ọdún 1962 ni 8 íǹṣì dé, òun ló sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Mustang, Falcon, Comet àti Maverick tó ní V8 kékeré. Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n láti òkèèrè, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ẹ̀yìn wọn ò ní ìdérí tó ṣeé tú. Iwájú ni gbogbo inú dífù ti ń jáde lódindi, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tú àwọn nọ́ọ̀tì tó yí i ká.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀. Ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbìyànjú láti kì í bọ nọ́ọ̀tì méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá wọlé tààrà, 8 íǹṣì ni. Tí ara irin bá dí sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́nà, tó jẹ́ pé sípánà nìkan ló lè ráyè níbẹ̀, 9 íǹṣì ni. Kò sí fọ́tò tó lè rọ́pò ìdánwò yìí. Tó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ lẹ ti ń rajà, ẹ ní kí olùtajà fi sọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ kó sì ya fídíò rẹ̀ fún yín.

9 íǹṣì pàápàá ò rí bákan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ṣáàfù eyín 28. Èyí tó lágbára ní eyín 31, ṣáàfù rẹ̀ sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fa ṣáàfù kan jáde kẹ́ ẹ ka eyín rẹ̀. Ẹ wo iwájú ilé inú náà bóyá wọ́n rọ lẹ́tà N ńlá sí i: irin tó le ju ti yòókù lọ ni wọ́n fi ṣe èyí tó ní N, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n 9 íǹṣì ní àléébù tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í sábà sọ. Píníọ̀nù rẹ̀, ìyẹn gíá kékeré tó ń yí kíráùn, lọ sílẹ̀ gan-an sí àárín kíráùn, eyín wọn máa ń fara yí ara wọn ju ti dífù yòókù lọ, agbára díẹ̀ sì ń ṣòfò níbẹ̀. Ó tún wúwo. Fún Mustang tó ní ẹ́ńjìnì V8 289 tàbí 302 tó ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, 8 íǹṣì tó dáa ti tó, owó rẹ̀ ò sì ní gun yín lórí.

Ìbú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Láti ojú kan tí táyà ń jókòó lé dé ìkejì, dífù Mustang 1965 àti 1966 jẹ́ nǹkan bí 57.25 íǹṣì, ti 1967 sí 1970 jẹ́ 59.25, ti 1971 sí 1973 jẹ́ 61.25. Tẹ́ ẹ bá gbé ti 1971 sábẹ́ Mustang 1965, táyà yóò máa ha ara ọkọ̀, tàbí kó yọ síta.

Ẹni tí kò rí 9 íǹṣì rà lówó pọ́ọ́kú, kó lọ wo 8.8 íǹṣì tó wà lábẹ́ Ford Explorer 1995 sí 2001. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó ní bíréèkì onídíìsì, ó ní ṣáàfù eyín 31, ihò bóòtù táyà rẹ̀ sì bá ti Mustang V8 mu. Nǹkan bí 59.5 íǹṣì ni ìbú rẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Mustang 1967 sí 1970 dọ́gba. Ṣùgbọ́n píníọ̀nù rẹ̀ ò sí láàárín. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ èrò, torí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ yẹn kúrú ju ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ lọ. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń gé ọ̀pá tó gùn ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta, wọ́n á wá fi ṣáàfù kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Píníọ̀nù á bọ́ sáàárín, ìbú á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 56.5 íǹṣì, tí Mustang 1965 lè gbà. Ẹ ṣírò owó wẹ́dà mọ́ ọn, torí ibi tí sipiríǹgì ń jókòó lé náà gbọ́dọ̀ di tuntun, ẹnu ibi tí pùròpẹ́là ti ń so mọ́ ọn sì yàtọ̀.

Chevrolet: ẹ má ka bóòtù nìkan

Ẹ̀yìn ni ìdérí ti Chevrolet wà, bóòtù mẹ́wàá tàbí méjìlá ló sì dè é. Bóòtù mẹ́wàá ò sọ nǹkan púpọ̀ fún yín. 8.2 íǹṣì ti 1964 sí 1972 ní mẹ́wàá, 8.5 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní mẹ́wàá, 7.5 kékeré tó dé lẹ́yìn wọn náà ní mẹ́wàá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilé dífù, níbi tí 5 àti 7 máa wà lójú aago. 8.5 ní irin kékeré méjì onígun mẹ́rin tó yọ síta níbẹ̀, ìsàlẹ̀ 8.2 rí roboto, kò ní wọn. 7.5 náà máa ń ní irin yìí, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí kẹ́ ẹ wọn kíráùn.

12-bolt ti Chevelle, Camaro àti Impala, tó parí sí 1972, ni gbogbo èèyàn ń wá. Àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet náà ní 12-bolt, kíráùn àwọn méjèèjì sì jẹ́ 8.875 íǹṣì. Ọrùn píníọ̀nù ni ìyàtọ̀ ńlá wà: 1.625 íǹṣì fún ti mọ́tò, 1.438 fún ti akẹ́rù. Láti ìta, ìdérí ti mọ́tò gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyin, ti akẹ́rù sún mọ́ òbírí.

Ọrùn píníọ̀nù 8.5 oníbóòtù mẹ́wàá náà jẹ́ 1.625. Ìyẹn ni pé níbi tí agbára ti ń wọlé, ó nípọn ju 12-bolt akẹ́rù lọ. 8.5 yìí ni wọ́n fi sábẹ́ Buick Grand National 1986 àti 1987, ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀lẹ rárá. Tó bá jẹ́ Camaro tàbí Nova ìgboro ló wà lọ́wọ́ yín, òun ni mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa gbogbo wọn, pẹ̀lú 8.8 Ford, ni pé kílíìpù kékeré onírìísí C ló di ṣáàfù mú láti inú. Tí ṣáàfù bá ṣẹ́, táyà lè jáde tòun tirẹ̀. Ní 8 àti 9 íǹṣì Ford àti ní 8¾ Chrysler, ìta létí bẹ́árìnì ni wọ́n ti dè é.

Chrysler

8¾ íǹṣì (1957 sí 1974) jọ 9 íǹṣì Ford ní ti pé iwájú ni inú rẹ̀ ti ń jáde. Nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn lára ilé inú náà ló ń sọ irú rẹ̀. Ọrùn píníọ̀nù 741 jẹ́ 1⅜ íǹṣì, ti 742 jẹ́ 1¾, ti 489 sì jẹ́ 1⅞. Èmi ò ní fi 741 sẹ́yìn ẹ́ńjìnì 440. Láàárín 742 àti 489, èyí tó bá mọ́ jù ni kẹ́ ẹ mú. Láti 1965 síwájú ni ṣáàfù rẹ̀ rọrùn láti bá lò. Dana 60, oníkíráùn 9.75 íǹṣì àti ṣáàfù eyín 35, jẹ́ ti ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnì Hemi àti ti 440 onígíá mẹ́rin. Ó tóbi, ó wọ́n, Dana 60 akẹ́rù tó ní bóòtù táyà mẹ́jọ ò sì lè rọ́pò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gíá, àti ohun tó wà nínú

Áàmì irin Ford tó bá kọ 3L50 túmọ̀ sí gíá 3.50 (pùròpẹ́là ń yí ní ìgbà 3.50 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) tó ní ìdè, ìyẹn ohun tó ń mú kí táyà méjèèjì jọ máa yí. Ṣùgbọ́n áàmì máa ń sọnù, inú dífù sì lè ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ ka gíá fúnra yín. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè sórí ìdúró tó lágbára, ẹ há táyà iwájú, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà àti pùròpẹ́là. Ẹ yí táyà kan. Tí èkejì bá tẹ̀ lé e sí ọ̀nà kan náà, dífù náà ní ìdè: Positraction ni Chevrolet ń pè é, Traction-Lok ni ti Ford, Sure Grip ni ti Chrysler. Tó bá yí sódì, dífù lásán ni, tàbí kí ìdè rẹ̀ ti jẹ tán. Fún onídè, ẹ yí táyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Fún dífù lásán, ẹ di ọ̀kan mú, ẹ yí èkejì lẹ́ẹ̀mejì. Iye ìgbà tí pùròpẹ́là bá yí ni gíá yín.

Ẹ má jẹ́ kí 4.11 wọ̀ yín lójú. Pẹ̀lú táyà tó ga ní 26 íǹṣì àti gíábọ́ọ̀sì tí kò ní overdrive (gíá òkè tó ń dín yíyí ẹ́ńjìnì kù), ní 65 máìlì ní wákàtí, ẹ́ńjìnì máa yí bí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan lórí 3.00, lórí 4.11, ó máa tó 3,450. Ariwo yẹn lẹ máa gbọ́ láti Houston dé Dallas. Ẹni tó ń gba títì márosẹ̀, kó dúró sí àárín 3.00 àti 3.55.

Tó bá jẹ́ ti Chevrolet, ẹ ṣí ìdérí kẹ́ ẹ wo eyín kíráùn àti òróró kẹ́ ẹ tó sanwó. Ti Ford 8 àti 9 íǹṣì àti ti 8¾ ò ní ìdérí, nítorí náà ẹ tú ihò tí wọ́n ń gbà da òróró sí i, ẹ ki ìka bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi òróró náà ra ọwọ́ nínú oòrùn. Ẹ̀tù irin tó rí bí ìyẹ̀fun kò burú fún dífù àádọ́ta ọdún. Tó bá jẹ́ ègé irin tí ìka lè mú ló jáde, ẹ ní kó fa inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ rí i, tàbí kẹ́ ẹ gbé owó yín lọ síbòmíì.